Ibi Tí Fadérera Kọ "Kò Sí" Sí

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá," ni Fadérera wí fún wa, "ẹ má sì bi mí pé kí ló gbé mi sùn lọ́sàn-án."

Kò sẹ́ni tó bi í. Gbogbo àwa tó wà nídìí tábìlì ló mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yàrá ló wá dá padà, àti pé oorun náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bísádé fa àga fún un. Èmi po tíì fún un, mo fi mílíìkì sí i dáadáa, torí ó ti rù. Kò fọwọ́ kàn án. Ó rọ́ àlá náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ka iye aṣọ tó fi fún alágbàfọ̀. Bó ṣe rọ́ ọ ni mo fẹ́ rọ́ ọ yìí. Níbi tí inú bá ti bí mi, màá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó lọ lá tirẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ilé kan ni lẹ́yìn ibi ìlagi, yàrá mẹ́fà, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìwà wọn ti sú ilé ìwé, tó sì fẹ́ sú òbí. Èyí ń géèyàn jẹ, èyí ń ya aṣọ ara rẹ̀, èyí ń forí sọ ògiri. Àwa àǹtí àti bùọ̀dá ibẹ̀ kì í ṣe dókítà, a kì í sì í ṣe wòlíì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa: kò sí ìwà tí ọmọ ń hù lásán. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ohun kan á ṣáájú, ọmọ á ṣe é, ohun kan á sì tẹ̀lé e. Ìwé kan wà tí a ń kọ ọ́ sí, wọ́n fa òpó mẹ́ta sí i, òpó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó forí sọ ògiri tí a sì torí ẹ̀ gbé iṣẹ́ kúrò níwájú rẹ̀, a ti kọ́ ọ pé orí ni wọ́n fi ń béèrè ìsinmi. Nítorí náà a máa ń kọ́ ọ ní ohun mìíràn tí yóò fi béèrè.

Ọmọ tí Fadérera ń kọ́ ni Àríkẹ́, ọmọ ọdún méje, tí kò sọ̀rọ̀ rí. Bí iṣẹ́ bá ti sú u, orí rẹ̀ á bá ògiri. Káàdì kan wà tí wọ́n ya ẹní sí, wọ́n fi òwú so ó kọ́ ìṣó lára ògiri kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Mo fẹ́ sinmi." Oṣù mẹ́rin gbáko ni Fadérera fi ń kọ́ ọ láti dìde, kó mú káàdì, kó fi lé òun lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ di gbogbo ọwọ́ ọmọ náà mú. Nígbà tó yá, ó di ọrùn ọwọ́ nìkan mú. Nígbà tó tún yá, ó kàn ń fi ìka kan igunpá rẹ̀. Kó tó fi ìka kàn án, yóò ka oókan dé àrún, bóyá ọmọ náà á dìde fúnra rẹ̀. Kò dìde rí. Bó bá sì forí lu ògiri, Fadérera á ki ìrọ̀rí bọ àárín orí àti ògiri, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní bá a sọ̀rọ̀, kí ọmọ má baà rò pé orí ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Àwọn ìgbìmọ̀ ilé náà wá ní àyè ò tó, pé àwọn ọmọ mìíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Àríkẹ́ bá lè mú káàdì yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí agogo mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ tó lù, wọn á fi oṣù mẹ́ta kún un. Bí kò bá ṣe é, kó máa lọ sílé. Ilé tí mò ń wí yìí, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ni. Ìyá ọmọ náà ti sọ fún wa láì fi bò pé oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ilé máa ń lọ, ìró àtijọ́ kan ni wọ́n sì máa fi ń so ẹsẹ̀ Àríkẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí wọn á fi dé. Kò sọ ọ́ bí ọ̀dájú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ro gbogbo ọ̀nà mìíràn tán.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, aago méjì ààbọ̀ ti kọjá. Àríkẹ́ jókòó lórí àga búlúù kékeré rẹ̀, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sínú òwú. Ogún ni wọ́n ní kó sín, ó sì sín ogún. Fadérera wo aago. Bí ọmọ náà bá sinmi báyìí, kí ló máa torí rẹ̀ béèrè ìsinmi? Ló bá kó ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún sí i sínú àwo, kí iṣẹ́ lè sú u, kó lè rántí káàdì. Ọgbọ́n iṣẹ́ wa ni, èmi náà ti ṣe é rí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ìrọ̀rí sẹ́yìn orí, ó ní kí òun máa wò ó. Láti aago méje àárọ̀ ló ti ń kà láti oókan dé àrún.

Ó ní bí òun ṣe ń wò ó báyìí, ẹní tí òun jókòó lé di bẹ́ǹṣì onígi gígùn, bẹ́ǹṣì náà sì wà nínú ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Ó léfòó sókè, ó ga tó igi ọ̀pẹ, wọ́n fi ìró àtijọ́ kan so ó mọ́lẹ̀ kó má baà bá atẹ́gùn lọ. Fadérera yọjú lójú fèrèsé, ó rí ẹ̀yìn àwọn adìyẹ nísàlẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì jókòó padà. Ìwé Àríkẹ́ ló mú wá. Ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù.

Akọ̀wé kan, obìnrin, wà lẹ́yìn ihò kékeré kan, ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Á lu ẹyọ kan, á sinmi. Gbì. Á tún sinmi. Gbì.

"Ẹ káàsán, mà," ni Fadérera wí. "Ìwé ọmọ mi ni mo mú wá."

"Ọmọ tí o bí?"

"Ọmọ tí mò ń kọ́ ni, mà."

Akọ̀wé ṣí ìwé náà. "Kí ló ṣáájú eléyìí?"

"Kò sí, mà."

"Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Èyí tọjọ́ Ajé?"

"Ohun tí mo kọ síbẹ̀ náà ni, mà."

Akọ̀wé ṣí ojú ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀gbẹ́ni Kò Sí yìí, ṣé ẹbí yín ni? Gbogbo ìlà ló jókòó sí. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ́mọ yìí forí lu ògiri lóṣù kan, òun náà ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lójú, mà."

"Lọ wá ẹni tó ṣáájú wá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, mi ò gbà á." Ó tún lu òǹtẹ̀. Gbì.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan fi nǹkan pẹlẹbẹ kan sí i látẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Nǹkan náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Dúró ná, mò ń kọ̀wé," ó gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó dìde.

Èmi fúnra mi mọ "Kò Sí" yẹn dáadáa. Bí ó bá ti rẹ èèyàn, bí ọmọ bá ti forí lu ògiri kó tó wẹ̀yìn, kí ló fẹ́ kọ? Ọ̀gá Ọ̀ṣúnkúnlé tó ń darí wa kì í gbà. Ó máa ń sọ pé, "Kò sí kì í ṣe ìdáhùn. Ó kàn ń sọ pé o kò wò ni." A máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, a ó sì tún kọ ọ́ lọ́la.

Fadérera ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí kò lópin. Àga búlúù Àríkẹ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dún kò-kò-kò lórí símẹ́ǹtì.

"Àǹtí," ni àga wí, "mo ti jókòó dáadáa láti àárọ̀. Ìràwọ̀ mi dà?"

Fadérera wò ó, ó sì rí i pé òótọ́ ni, àga náà ti jókòó láti àárọ̀. Ó yọ ìràwọ̀ onípépà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. "O káre," ló wí, "o jókòó dáadáa." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ká yin ọmọ lójú ẹsẹ̀, ká sì dárúkọ ohun tó ṣe, kó má baà rò pé ẹnu lásán ni.

"Ẹ ṣé," ni àga wí. "Ẹ̀yin ni ẹ ò jókòó dáadáa. Ẹ ti dùbúlẹ̀."

"Mo dúró."

"Ẹ ti dùbúlẹ̀, Àǹtí. Mo rí yín."

Fadérera kò bá a jiyàn. Ó ní òun wò ó pé àga ló yẹ kó mọ̀ nípa ìjókòó jù òun lọ.

Níwájú díẹ̀ ló pàdé Ọ̀gá Ọ̀ṣúnkúnlé, tòun ti ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ gúnrégé, ó ń sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé fún ògiri. "Nǹkan mẹ́rin ni ọmọ ń wá tó fi ń hùwà. Ó fẹ́ sá fún nǹkan. Ó fẹ́ gba nǹkan. Ó fẹ́ kí a wo òun. Tàbí kẹ̀, ara rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìkarùn-ún..." Bó ṣe fẹ́ sọ ìkarùn-ún, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó fọwọ́ kalẹ̀, ó di òbúkọ. Táì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Awò ojú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Fadérera, tó ti kúnlẹ̀ kí i kó tó yí padà, tún kúnlẹ̀ kí i, torí kò dá a lójú pé ìkíni tí òun kí èèyàn ká òbúkọ mọ́ ọn.

"Ẹ káàsán, sà."

"Mèè. Má wò ó."

"Ta ni, sà?"

"Ohun tó ń dún yẹn. Bí o bá wò ó, o ti fún un lóúnjẹ nìyẹn. Ebi ni ká fi pa á." Òbúkọ náà gbọn etí. "Á kọ́kọ́ le sí i o, kó tó rọ̀. Bó bá ti le sí i, máa yọ̀."

Gbì. Gbì. Òǹtẹ̀ náà kò sinmi láàárín mọ́.

"Ó ti le sí i, sà."

"Máa yọ̀."

"Mo gbìyànjú láti yọ̀," ni Fadérera wí fún wa nídìí tábìlì. Bísádé gbójú sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìwé wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òbúkọ sọ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà ní ojú ewé kẹsàn-án. Àmọ́ ìwé náà ò sọ ọ́ tán síbẹ̀. Ó sọ ní ojú ewé kẹwàá pé bí ọmọ bá béèrè ní ọ̀nà tí ẹ kọ́ ọ, ẹ dá a lóhùn kíákíá, ohun yòówù tí ẹ bá ń ṣe. Òbúkọ kì í kà dé ojú ewé kẹwàá.

Nǹkan pẹlẹbẹ náà tún dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti rin díẹ̀. Fadérera rò pé ìpékeré ni, torí ìpékeré ni Àríkẹ́ fẹ́ràn jù, àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣófo. Ó nà án sí òbúkọ. Òbúkọ gé igun kan jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ní kò níyọ̀.

Ẹ̀yìn òbúkọ ni ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n kọ "Àwọn Tó Ṣáájú" sí. Fadérera wọlé. Yàrá náà kún fọ́fọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́sẹ̀, bí àwọn tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn ní ilé ìwòsàn. Bàbá arúgbó kan tí ìyẹ̀fun igi bo ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ni ayùn ibi ìlagi. Ọjọ́ kẹta oṣù, mo dún lójijì lágogo mẹ́wàá, ọmọ yẹn forí sọ ògiri. Kí lo kọ, ọmọ mi?"

"Mo kọ pé kò sí, sà."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ìyá kékeré kan tí omi ń ro lára rẹ̀ nawọ́ sókè. "Pátá tó rin ni mí. Mo wà lára rẹ̀ láti ìgbà oúnjẹ ọ̀sán títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ṣé wọ́n kọ mí?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú."

"Kò sóhun tó ṣe."

Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún fò jáde láti inú àwo kan, wọ́n tò síwájú rẹ̀, pupa méjì, àwọ̀ ewé mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ló sọ̀rọ̀. "Ogún ni wọ́n ní kó sín. Ó sín ogún. Ẹ wá kó wa lé e. Àǹtí, bí ẹ bá parí iṣẹ́ tiyín, tí wọ́n wá torí pé ẹ parí rẹ̀ fi òmíràn kún un, kí lẹ máa ṣe?"

Fadérera bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bínú sí i. Ó ní ìyẹn ló dun òun jù nínú gbogbo àlá náà, pé wọn ò bínú. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí kó kàn wo ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹnì kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó kéré, kò ní ẹnu. Ó dìde, ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó na ọwọ́ kan síwájú. Fadérera mọ̀ pé ẹni tí akọ̀wé ní kí òun mú wá nìyí. Ó tún mọ òfin: má yára ràn án lọ́wọ́, kọ́kọ́ kà dé àrún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin.

"Mèè!" ni òbúkọ ké lẹ́nu ọ̀nà. "Agogo mẹ́rin kù díẹ̀!"

Fadérera yíjú sẹ́yìn, ó sáré jáde.

"Mo kà dé ẹẹ́rin," ló wí fún wa. Ó fi ìka mẹ́rin hàn wá, bí ẹni pé a ò mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Nígbà tó dé ojú ihò akọ̀wé, ìró tó so ọ́fíìsì mọ́lẹ̀ ti gùn wá sókè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ṣá, agboòrùn tí wọ́n yà sí i lára ti fẹ́ parẹ́ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ni ìró wí. "Èmi ni mò ń dúró de Àríkẹ́ nílé."

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ má bẹ̀rù mi. Mo rọ̀. Bàbá àgbà fọ̀ mí lánàá, ó sá mi sóòrùn. Etí mi kan á wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, etí kejì á wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ. Wọn ò fẹ́ kí n dùn ún. Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n toko dé kí wọ́n bá a láàyè ni."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Fadérera wí. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ní òun tiẹ̀ bá a gbọn eruku kúrò létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé ife tíì tèmi náà kalẹ̀.

"Ẹni tó ṣáájú dà?" ni akọ̀wé béèrè.

"Wọ́n pọ̀, mà. Ọ̀kan ń bọ̀."

"Ó ti pẹ́ jù." Akọ̀wé gbé òǹtẹ̀ sókè. Fadérera rí i pé òǹtẹ̀ náà ní irun, wọ́n sì di ṣùkú sí i. Ó mọ ṣùkú ọ̀hún. Ìyá Àríkẹ́ ló dì í lọ́jọ́ Àìkú, ó fi òwú pupa sí ìparí rẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti dirun fún òǹtẹ̀, ó mà dára o." Gbì. Gbì. Gbì. Ó rántí pé wọn kì í wò ó, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan pẹlẹbẹ náà tún dé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rin gan-an báyìí. Ìka kéékèèké kan ń bá a pa ọwọ́ dé lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń pa ìka ọmọ dé lórí káàdì. Fadérera ní, "Lẹ́yìn èyí."

Ìró dìde, ó ní òun ń lọ sílé. Bó ṣe tú báyìí ni ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí lọ, tòun ti akọ̀wé, tòun ti òbúkọ àti táì rẹ̀, wọ́n ń lọ sókè ní ìrọ̀rùn. Òǹtẹ̀ náà dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ló jí i.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fadérera wà lọ́jà. Ó sùn ni. Ìrọ̀rí tó yẹ kó wà láàárín orí ọmọ àti ògiri wà lábẹ́ orí tirẹ̀. Àríkẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iwájú orí rẹ̀ ti wú kókó, ó ti bó lójú kan. Káàdì wà lọ́wọ́ Fadérera, ó rin fún itọ́, eyín ọmọ ti gé igun rẹ̀ kan, ìka Fadérera sì pa dé lé e lórí.

Ẹ rò ó wò. Láti orí àga búlúù dé ìdí ìṣó, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Láti ìdí ìṣó dé orí ẹní, méje. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó fi ìka kan igunpá rẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi wá ohun yìí, gbogbo wa, a ò rí i.

"Àríkẹ́!" ni Fadérera ké. "O fẹ́ sinmi! Ó dáa, sinmi, sinmi, ọmọ mi!" Ó ń da ìpékeré sílẹ̀ níwájú rẹ̀ wìì-wìì, ó ń gbé àwo ìlẹ̀kẹ̀ jù sẹ́yìn. Ọmọ náà kò wo ìpékeré. Ó dìde, ó ṣí ìka Fadérera lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ káàdì náà, ó rìn lọ sídìí ògiri kejì, ó fi í kọ́ ìṣó padà. Ó tún un ṣe kó má baà wọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀, ó jókòó, ó sì fi orí kàn án lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́.

Ọ̀gá Ọ̀ṣúnkúnlé wọlé ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ó fún mi, sà," ni Fadérera wí. "Fúnra rẹ̀ ni."

"O rí i?"

"Ọwọ́ mi ló wà nígbà tí mo jí."

"Jí," ni Ọ̀gá wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Fadérera, ta ló rí i?"

Fadérera ní òun wo àga búlúù. Ó ní òun mọ̀ dájú pé òun ti jí, síbẹ̀ òun wo àga náà, òun sì dúró dè é. Òun tiẹ̀ kà dé àrún. Àga kò fọhùn.

"Ohun tí a kò fojú rí, a kì í kọ ọ́," ni Ọ̀gá wí. Òfin wa ni, òótọ́ sì ni. Bí a bá ń kọ ohun tí a rò pé ọmọ ṣe, gbogbo ọmọ ilé yìí ni ìbá ti gbádùn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ṣọ́ ọmọ náà fún ogún ìṣẹ́jú tó kù, Àríkẹ́ kò sì sún mọ́ ìṣó mọ́.

Ìyá Àríkẹ́ ti dé sẹ́nu géètì kí aago tó lù. Sálúbàtà ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, àti ìpékeré tó rà lọ́nà. "Ṣé ó ṣe é?" ló béèrè lọ́wọ́ èmi tí mo kọ́kọ́ pàdé. Mo ní kó wọlé, kó jókòó. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó dáa," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ sálúbàtà náà kúrò nínú ọ̀rá.

Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì, ìwé ọjọ́ náà sì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé ìlà tó gbẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó rí i, àmọ́ ó ṣe é kà síbẹ̀. Ọwọ́ Fadérera ni. Lábẹ́ ohun tó ṣáájú, ó kọ pé: "Ó ti sín ogún tán. Mo fi márùn-ún kún un." Lábẹ́ ohun tí ọmọ ṣe, ó kọ pé: "Ó dìde, ó mú káàdì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta." Òpó kẹta ni ohun tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Kò sí."